Àwọn Ogun Òkèèrè Tí Ọmọ Nàìjíríà Jà

Ará Èkó mọ Dodan, Arakan, Marda àti Myohaung. Ará Ìbàdàn mọ Letmauk. Bárékè ṣọ́jà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ojú ogun ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó àwọn ọmọ wa lọ jà. Àwọn ogun náà nìyí, lẹ́sẹẹsẹ.

1914–1918: Ogun Jámánì
Kamẹrúùnù ni ṣọ́jà Nàìjíríà ti kọ́kọ́ kojú Jámánì, títí ogun ibẹ̀ fi parí ní 1916. Kí ọdún náà tó tán, wọ́n ti kó wọn wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ tó di Tanzania. Ní Mahiwa, lóṣù Kẹwàá 1917, ọjọ́ mẹ́rin ni ìjà fi le. Nínú nǹkan bí 5,000 ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó síbẹ̀, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì tó nǹkan bí 2,700; ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn.

1941: Ogun Ítálì
Àwọn ọmọ Nàìjíríà wọ Mogadishu lóṣù Kejì. Lóṣù Kẹta, wọ́n gba ọ̀nà àárín òkè Marda lọ́wọ́ Ítálì, wọ́n sì wọ Harar ní Ethiopia.

1943–1945: Ogun Bóma
Dífísọ̀n 81 àti 82, tí wọ́n kó jọ láti Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone àti Gambia, ló lọ bá Japan jà ní Bóma (Myanmar òde òní), níbi tí Dodan, Arakan, Myohaung àti Letmauk wà. Kò sọ́nà ọkọ̀ nínú igbó Kaladan: orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn látòkè. Bí ọta ṣe ń pa wọ́n ni ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń dá wọn gúnlẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wà lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, fara gbọta níbẹ̀ ní 1944. Àwọn ará abúlé ló fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gba Myohaung lóṣù Kìn-ín-ní 1945.

Ní Taukkyan, nítòsí Yangon, orúkọ àwọn ọmọ ogun tí kò ní sàréè tí wọ́n kọ sára òpó ìrántí sún mọ́ 27,000. Ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn.

Lẹ́yìn òmìnira
Ọmọ ogun Nàìjíríà lọ sí Congo, 1960–1964, níbi tí Aguiyi-Ironsi, ọ̀gágun ọmọ Nàìjíríà, ti di ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n lọ sí Lebanon ní 1978. Wọ́n lọ sí Liberia ní 1990.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó kú. Ìdílé tó bá ṣì ní ìwé, fọ́tò tàbí mẹ́dà ẹni tó lọ sí Bóma, kó má dà á nù: ìtàn ìlú ló wà lọ́wọ́ wọn.