Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Igbó Padà Sí Ẹ̀yìnkùlé Yín

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó fún ẹni tí ó bá yín ṣán ẹ̀yìnkùlé ni. Òjò mélòó kan rọ̀, igbó náà sì tún ti dé orúnkún. Kí ni ó fà á? Ewé àti igi ni àdá gé. Kò kan gbòǹgbò.

Igbó tí ó bá padà kì í dá nìkan padà. Eku a fi í ṣe ibùgbé, ejò a sì tẹ̀lé eku wá. Ọmọ tí ó bá sáré wọ inú koríko láti mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò lè rí paramọ́lẹ̀ tí ó ká jọ sílẹ̀. Irú eku kan sì wà tí ó ń kó ibà Lásà ran ènìyàn.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ hú gbòǹgbò. Nígbà tí òjò bá ti mú kí ilẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ fi ọkọ́ hú akíntọ́lá àti àwọn igi kéékèèké. Ẹ ṣa gbòǹgbò funfun ẹ̀kan kúrò pátápátá, nítorí èyí tí ó bá já sínú ilẹ̀ yóò tún hù.

2. Kùkùté tí kò ṣeé hú, bíi ti dongoyárò, yóò máa yọ ọ̀mùnú. Ẹ máa ya ọ̀mùnú náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ewé ni ó ń bọ́ gbòǹgbò. Bí kò bá rí ewé, díẹ̀díẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò tán. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

3. Ẹ gé akíntọ́lá kí ó tó tanná ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé èso rẹ̀ kiri.

4. Ẹ máa gbá ẹsẹ̀ ògiri mọ́. Ní ìkángun ọgbà, ẹ gbin ẹ̀fọ́, kí ilẹ̀ má baà ṣófo fún igbó.

Ẹ má ṣe dáná sun ún. Iná kì í dé gbòǹgbò ẹ̀kan, èéfín sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn apakoríko pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè pa á. Ẹ má ṣe da oògùn kankan sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi okùn dì í, ẹ má sì ṣe fi ẹnu fa oró náà. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọkọ́ ìyá àti ọwọ́ bàbá ni yóò jẹ́ kí ọmọ ṣeré láìfòyà.