Àdírẹ́sì Ilé Yín Gan-an Ni Kí Ẹ Kọ

Ìlà tí a ti béèrè ibùgbé lórí fọ́ọ̀mù tí a fi ń ka àwọn tó ní jẹjẹrẹ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó ti Ìṣẹ́yìn wá gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú n'Ìbàdàn á kọ ojúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé sí ní Mọ́kọ́lá, torí ó rò pé bí òun bá dárúkọ Ìṣẹ́yìn, wọ́n á ní kí òun padà sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀tọ̀ ni fáìlì ìtọ́jú, ọ̀tọ̀ ni fọ́ọ̀mù yìí. Ọ̀fẹ́ ni kíkọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba kọ́bọ̀ kó tó bá yín kọ fọ́ọ̀mù, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ibùgbé ni pé a kì í wo iye aláìsàn lásán, àfi ká gbé e lé iye èèyàn tó ń gbé ìlú náà. Àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tó wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn láti 1960, àwọn olùgbé ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó para pọ̀ jẹ́ Ìbàdàn ló ń kà. Bí ará Ìṣẹ́yìn bá wá kọ Mọ́kọ́lá, jẹjẹrẹ Ìbàdàn á lé sí i, Ìṣẹ́yìn á sì dà bí ibi tí àrùn náà kò dé, lójú ẹni tó ń pín owó ìlera. Ilé iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ṣírò pé ní 2020, àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú èèyàn 124,815 ní Nàìjíríà, ó sì pa 78,899. Nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, jẹjẹrẹ ọmú kó 28,380, ti próstéètì 15,345, ti ẹnu ilé ọmọ 12,075. Kò sẹ́ni tó ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan o. Àwọn ìlú díẹ̀ tó ní àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n ìyókù. Àṣìṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá kì í dúró sí Mọ́kọ́lá.

Àwọn kan á ní ìkànìyàn wa ìkẹyìn ti 2006 ni, pé bí iye ará ìlú gan-an kò bá dájú, kí ni àdírẹ́sì ẹnì kan fẹ́ bà jẹ́? Òótọ́ ni, iye náà ti gbó. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣirò mọ bí wọ́n ṣe ń fojú díwọ̀n bí ìlú ṣe ń gbòòrò. Kò sí ìṣirò tó lè sọ fún wọn pé ará Ìṣẹ́yìn ni obìnrin tó kọ Mọ́kọ́lá. Àwọn mìíràn ò fẹ́ kí orúkọ wọn wọ ìwé rárá. A nílò orúkọ kí a má bàa ka èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tí ìyàwó ilé jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nílé ìwòsàn, tó jẹ́ ti ọkọ ní yàrá àyẹ̀wò. Orúkọ kì í bá ìròyìn jáde.

Ẹ kọ ọjọ́ orí tó jẹ́ òótọ́, ẹ má kọ 50 torí pé ó yá lẹ́nu. Ọdún tí ìyá tó kú ní 42 fi sílẹ̀ láìlò kò dọ́gba pẹ̀lú ti bàbá tó kú ní 78, bẹ́ẹ̀ iye ọdún tó ṣòfò wà lára ohun tí a fi ń wọn ìnira àrùn. Bí aláìsàn bá sì kú sílé, kí ẹnì kan nínú ẹbí mú káàdì rẹ̀ wá, kí ó sọ ọjọ́ tó kú fún wa.