Ẹ má jẹ́ kí Màmá dùbúlẹ̀ pẹ́ jù: ohun tó ń ṣe iṣan àti awọ àgbàlagbà

Tí àìsàn bá dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí, ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn ọmọ máa sọ pé, "Màmá, ẹ má dìde o, ẹ sinmi." Wọn a gbé oúnjẹ wá bá màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn a gbé póò wá, títí màmá kò fi ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ó lè di wàhálà. Iṣan àti awọ kì í pẹ́ bàjẹ́ lára ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan. Tí ẹ bá mọ iṣẹ́ tí méjèèjì ń ṣe, ẹ ó mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ iṣan

Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wí o. Ẹran ara gan-an ni, irú èyí tó máa ń ya bí òwú tín-ín-rín tí ẹran màlúù bá jinná dáadáa. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ so mọ́ egungun, òun la fi ń rìn, òun la fi ń gbé ẹrù. Wọ́n lé ní 600 lára èèyàn. Ìkejì wà nínú ìfun, àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Òun kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ìkẹta ni ti ọkàn, tó ń lù tọ̀sán-tòru.

Iṣan kì í ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Tí èyí tó wà níwájú apá bá fà, apá á ká; tí ti ẹ̀yìn bá fà, apá á nà. Èyí tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, ńṣe ni yóò máa joro. Àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 10. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, ẹran tó dín lẹ́sẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Ara wọn le o! Ẹni tó ń ṣàìsàn ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí bàbá fi ń bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ jó wọ Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá, ẹsẹ̀ tó ń ríṣẹ́ ṣe ni.

Iṣẹ́ awọ

Awọ tó bo ara wa àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú ẹnu, ọ̀fun àti ìfun, ẹbí kan ni wọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn fara kínra pẹ́kípẹ́kí kí kòkòrò àrùn má baà ráàyè wọlé. Iṣẹ́ ibi tí wọ́n wà ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa rí. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gàrí Ìjẹ̀bú máa ń nípọn. Ti inú ẹ̀dọ̀fóró fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Awọ inú ìfun ń di tuntun láàárín bí ọjọ́ 5, ti òde ara ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n awọ òkè yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Tí màmá bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egungun á tẹ ẹran àti awọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí iṣan bá sì ti joro, kò sí tìmùtìmù láàárín egungun àti awọ mọ́. Bí egbò ṣe ń dé nìyẹn, ó sì lè ti jìn nínú kó tó hàn lóde.

Ohun tí ẹ máa ṣe

Ẹ máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì. Lójoojúmọ́, ẹ yẹ ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ àti ìpàkọ́ rẹ̀ wò. Lára adúláwọ̀, ibẹ̀ lè má pọ́n. Ó lè dúdú sí i, kó gbóná tàbí kó le. Ẹ má ṣe fọwọ́ ra á, ẹ má fi spirit tàbí òróró gbígbóná pa á. Ẹ má jẹ́ kó fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀ mọ́, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì. Tí ìtọ̀ bá tú sí i lára, ẹ tètè fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ.

Gàrí nìkan kò lè tún iṣan kọ́. Ìkọ́kọrẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ẹ̀wà, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ní láti kọ́kọ́ bi dókítà.

Tí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹun, kí wọ́n sì máa dìde lórí àga, kí wọ́n tún jókòó, ìgbà márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, kí ẹnì kan wà nítòsí. Ẹni tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí tí egungun rẹ̀ dá, ọ̀dọ̀ àwọn físíò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tí egbò bá ti ṣí, tó dúdú, tó ń rùn, tàbí tí ibà bá wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe àgbo.

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa, tí ọmọ bá ní kẹ́ ẹ má dìde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní kó bá yín mú ọ̀pá yín wá.