Àpótí Ni Ìdajì Ohùn: Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Ara Mi Ṣe Sípíkà Àkọ́kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ohùn ni iṣẹ́ mi: mo ń gba ohùn sílẹ̀, mo ń gé e, mo ń tò ó. Lónìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe sípíkà fúnra mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe fún fàájì nìkan. Fóònù kì í gbé ìsàlẹ̀ ohùn jáde dáadáa. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń kùn lábẹ́ ohùn àlejò wa, fóònù lè má jẹ́ kí n mọ̀, ẹni tó bá tan ètò wa nínú mọ́tò ló máa gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, owó sípíkà sítúdíò kò sí lápò mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òòfà ló wà lẹ́yìn sípíkà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ róbótó wà láàárín òòfà yẹn, ó sì so mọ́ bébà tó rí bí àrọ. Tí iná bá gba inú wáyà kọjá, òòfà á tì í síwájú tàbí kó fà á sẹ́yìn, bébà á sì máa bá a lọ bá a bọ̀. Bébà yìí ló ń ti afẹ́fẹ́ tó ń gbé ohùn wá sí etí wa. Ní 1925, Chester Rice àti Edward Kellogg ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gbé àlàyé wọn jáde lórí irú sípíkà yìí. Títí dòní, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tíì yí padà púpọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí bébà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ níwájú, bẹ́ẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Tí kò bá sí àpótí, ti iwájú á gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá ti ẹ̀yìn, wọ́n á sì pa ara wọn. Béèsì ni ìyà yìí ń jẹ jù. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ tan sípíkà tí kò ní àpótí, ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ihò tó bá ẹnu rẹ̀ mu sára páálí ńlá kan, kí ẹ gbé e lé ihò náà. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn á ki sí i. Ẹ kò náwó kankan, sípíkà náà kò sì yí padà. Awọ nìkan kọ́ ni ìlù.

Torí náà, tí ẹ bá rí 1000W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí lọ́jà, ẹ má kánjú sanwó. Nọ́ńbà yẹn kò sọ bí ohùn ṣe máa dára tó.

Ohun tí mo lò kò pọ̀: sípíkà íǹṣì 4 kan tí wọ́n kọ 4 ohms sí lẹ́yìn, bọ́ọ̀dù amplifier kékeré tí wọ́n ń pè ní PAM8403, wáyà, gúlù káfíńtà àti pákó MDF. Ọjà Alaba ní Èkó kún fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Ẹ sì lè yọ sípíkà lára rédíò àtijọ́.

Volt 5 ni PAM8403 ń lò, nítorí náà power bank tí a fi ń ṣáàjì fóònù lè gbé e. Àwọn power bank kan máa ń kú fúnra wọn tí iná tí wọ́n ń fà bá kéré jù, ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó so ó mọ́ inú àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo bátìrì lithium tí wọ́n tú lára laptop. Bátìrì bẹ́ẹ̀ tí kò ní bọ́ọ̀dù tó ń dáàbò bò ó lè gbiná mọ́ yín lọ́wọ́.

Àpótí ló gba àkókò mi jù. Mo ní kí káfíńtà gé pákó náà kí inú àpótí lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní gíga, 20 ní fífẹ̀, àti 15 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyẹn jẹ́ lítà 6. Tí inú rẹ̀ bá kéré jù, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ á le jù, béèsì kò sì ní lè sọ̀ kalẹ̀. Mo fi gúlù dí gbogbo ojú ìsopọ̀, mo sì fi òwú ìrọ̀rí díẹ̀ sínú kí ohùn má baà máa ta padà. Kí ló dé tí a fi ń dí i pa? Ní 1954, Edgar Villchur, ará Amẹ́ríkà, lo ọgbọ́n yìí: ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú àpótí tí wọ́n dí pa ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì tó ń dá bébà padà sáyè rẹ̀. Bí àpótí kékeré ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé béèsì tó jinlẹ̀ nìyẹn. Láti mọ̀ bóyá tiyín ń jò, ẹ tan orin tó ní béèsì, kí ẹ fi ọwọ́ tútù yí àwọn ojú ìsopọ̀ ká. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ tún un dí.

Ó ku wáyà. Mo fi soldering iron jó o mọ́ ọn, + sí +, − sí −. Tó bá jẹ́ sípíkà méjì lẹ fẹ́ lò, ẹ ṣọ́ ibí yìí dáadáa: tí ẹ bá yí wáyà ọ̀kan padà, ọ̀kan á máa tì nígbà tí èkejì ń fà, béèsì á sì sá lọ. Lórí bọ́ọ̀dù yìí, ẹ má so − ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, ó lè jó. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan bíi tèmi, ẹ wọ Settings fóònù yín, ẹ lọ sí Accessibility, kí ẹ tan Mono audio, kí ohùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì má baà sọnù.

Èsì rẹ̀ ńkọ́? Kò lè gbọn ògiri bíi ti òde àríyá, watt 3 péré ni bọ́ọ̀dù náà lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ń jáde kíkún, mo sì ti ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti fáànù kí ètò tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tí ẹ bá ṣe tiyín, ẹ ya fọ́tò inú àpótí náà ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó dí i. Ó dìgbà kan ná.