Ṣé o mọ̀? Fóònù tó ń pàṣẹ fún ooru ilé

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ẹdẹ kan lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, ní ìlú London, kó sì tan ẹ̀rọ amúlégbóná ilé rẹ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn? Fóònù ló máa fi ṣe é. Ìka kan péré. Kó tó bọ́ bàtà tán, ilé ti móoru.

Ìwọ tó o wà nílé ńkọ́? Ìwọ náà lè ṣe é! Òtútù ni tìrẹ. O wà ní Ọjà Tìmì, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ, o tẹ fóònù, ẹ̀rọ amúlétutù ilé rẹ ní Òkè Gàdà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí iná bá wà, àbí? Ṣe sùúrù. A ń bọ̀ níbẹ̀.

Thermostat ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń ṣọ́ bí ibì kan ṣe gbóná tó. Bó bá tó, á pa ẹ̀rọ. Bí kò bá tó, á tàn án. Ó parí! Èyí tó bá mọ Wi-Fi lò ló ń gba àṣẹ lórí fóònù.

Má wulẹ̀ sọ pé o ò ní thermostat. O ní in! Gbé áyọ́ọ̀nù rẹ wá. Kì í ṣe eléèédú o, oníná ni mo ní. So ó mọ́ iná, kó o tẹ́tí. Kò ní pẹ́, á dún "kẹ̀!", iná pupa kékeré ara rẹ̀ á kú. Dúró díẹ̀. "Kẹ̀!" Ó tún tàn. Irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbóná, wọ́n á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Ta ló kọ́kọ́ lẹ irú irin bẹ́ẹ̀ pọ̀? John Harrison, aṣaago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1759! Aago tí wọn yóò máa lò lójú òkun ló ń ṣe. Kò mọ̀ pé àǹkárá rẹ lòun ń ṣiṣẹ́ fún.

Ọrun ni mo pè ṣáá? Ọmọ Ẹdẹ Màpó Arógun, ó yẹ kó o ti máa rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí Tìmì Àgbàlé, ẹni tó tẹ Ẹdẹ dó? Ọlọ́fà-iná lorúkọ tí ìtàn fún un! Ọfà tó ń jó ni wọ́n ní ó máa ń ta. Ará Ẹdẹ ti ń fi ooru ránṣẹ́ sí òkèèrè kí wọ́n tó bí àwọn tó dá Google sílẹ̀.

Ó tún kù! Cornelis Drebbel, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti ṣe ààrò tó ń ṣọ́ ooru ara rẹ̀ ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Kí ló fi ṣe? Ó fi bá adìyẹ sàba! Ẹyin ló kó sínú rẹ̀, kó lè pa ọmọ.

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ ń lò kó tó pa. Nǹkan bí 37.5°C ló ń fẹ́. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ inú ẹyin lè kú. Ìdí nìyẹn tí olùsìn adìyẹ kì í fi thermostat ṣeré.

Ìwọ náà ńkọ́? 37°C ni tìrẹ! Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ ibà. Ìwọ àti ẹyin adìyẹ, kékeré ló wà láàárín yín.

Ikán tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Ikán ńlá inú ọ̀gán ń jẹ́ kí àárín ilé rẹ̀ wà ní nǹkan bí 30°C. Lójò. Lẹ́ẹ̀rùn. Kò ní wáyà. Kò ní áàpù. Kò sanwó iná rí.

Gbọ́ ti olùkọ́ kan báyìí. Warren Johnson lorúkọ rẹ̀, ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ṣé o mọ ohun tó ń bí i nínú? Ẹni tó ń ṣọ́ iná ilé ẹ̀kọ́ ṣáà ń já wọ kíláàsì rẹ̀ wá wò ó bóyá yàrá gbóná tó. Ní 1883, Johnson gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan. Bí kíláàsì bá tutù, agogo á dún nísàlẹ̀ ilé, níbi iná! Kò sẹ́ni tó ń já lu ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́.

Ilé iṣẹ́ tí Johnson dá sílẹ̀ ní 1885 ṣì wà títí dòní. Johnson Controls ni.

Ẹ̀rọ amúlétutù ìgbàlódé wá ńkọ́? Ó dáa, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún? Ọba ni? Olówó ni? Rárá o! Bébà ni! 17 oṣù Keje 1902 ni ọjọ́ tó wà lórí àwòrán tí Willis Carrier yà fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Ọ̀rinrin ń mú kí bébà wú, ọ̀dà kì í bá ojú ibi tó yẹ mọ́. Bébà kọ́kọ́ gbádùn, kó tó kan ènìyàn.

Ọmọ ọdún mélòó ni Carrier nígbà náà? 25!

Ní 2011, thermostat tó gbọ́n jáde ní Amẹ́ríkà. Nest lorúkọ rẹ̀. Tony Fadell, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iPod, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. 249 dọ́là ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ó ń kọ́ ìgbà tó o máa ń jí àti ìgbà tó o máa ń jáde.

Ní oṣù Kìíní 2014, Google ra ilé iṣẹ́ náà. Sọ iye tí wọ́n rà á. Sọ ọ́! 3.2 bílíọ̀nù dọ́là!

Ṣé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàṣẹ fún ooru láti òkèèrè? Hàáà! Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni rédíò ti ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rédíò o! Lórí ìgbì BBC Radio 4, 198 kHz, àmì kan ń sá lọ lábẹ́ ohùn agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Etí ènìyàn kò gbọ́ ọ. Mítà gbọ́ ọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ka ìròyìn, ilé àwọn ènìyàn ń móoru. 30 oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á ládùúgbò-ládùúgbò.

Ó yá, iye wo ló yẹ kí ilé wà? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ilé tó wà nílẹ̀ òtútù má tutù ju 18°C lọ. Ní Japan, láti 2005, ìjọba ní kí ọ́fíìsì máa lo 28°C nígbà ooru, kí òṣìṣẹ́ tú táì ọrùn rẹ̀. Ní India, láti oṣù Kìíní 2020, 24°C ni ẹ̀rọ amúlétutù tuntun ń gbà tàn bó o bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Tiwa ńkọ́? 16! A ti tẹ rìmóòtù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a wá ń fi kúbùsù borí.

Ṣé o mọ̀ pé 16 kì í mú kí ẹ̀rọ amúlétutù lásán yára ju 24 lọ? Eré kan náà ló ń sá. Pípẹ́ ló ń pẹ́ kó tó sinmi.

Èyí máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọ́fíìsì kan ní Amẹ́ríkà, thermostat ara ògiri kì í ṣe nǹkan kan. Wọn ò so wáyà mọ́ ọn! Òṣìṣẹ́ á yí i, á ní "áà, ara tù mí". Kò sí ohun tó yí padà.

Ẹdẹ ló ni èyí tó kàn. Ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ACEGID ní 2020 wà ní Redeemer's University, ní Ẹdẹ níbí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà tí wọ́n rí nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta 2020. Irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń lo fíríìsà tó tutù dé -80°C. Ìwọ ń wá 24 nínú yàrá rẹ. Ìwọ̀n 104 ló wà láàárín ìwọ àti fíríìsà náà!

Wàyí o, owó. IBEDC ló ń pín iná fún Ọ̀ṣun. Band A, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. B, 16. C, 12. D, 8. E, 4. Ìlú kan náà, òpó iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní oṣù Keje 2024, ₦209.50 ni kílówáàtì kan fún wákàtí kan lórí Band A. Jẹ́ ká ní ẹ̀rọ rẹ ń jẹ kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ, ₦1,676. Ọgbọ̀n ọjọ́, ₦50,280!

Ṣé o mọ ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Keje 2024 yẹn? Owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000. Yọ owó òtútù kúrò. Ó ku ₦19,720. Ó ku ẹ̀wà, ó ku gàrí.

O wá rí i? O dé Òṣogbo, o rántí pé o ò pa ẹ̀rọ. Bí fóònù rẹ bá lè pa á láti ibẹ̀, owó ló fi sápò rẹ. Ẹ̀ka agbára ìjọba Amẹ́ríkà ní bí o bá sún thermostat sẹ́yìn ní ìwọ̀n 7 sí 10 ti Fahrenheit fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, o lè dín owó ooru àti òtútù kù tó ìdá mẹ́wàá lọ́dún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn máa ń ṣorí kunkun nígbà mìíràn. Bi mítà oníkáàdì rẹ! Nọ́ńbà 20 lò ń tẹ̀ sí i, àbí? Ní 24 oṣù Kọkànlá 2024, ìṣirò inú irú mítà bẹ́ẹ̀ kún dẹ́nu. Láti 1 oṣù Kìíní 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú. 16,777,216 ìṣẹ́jú ni àyè tó wà. Ó tán! Mítà tí wọn ò bá kọ́kọ́ tẹ kóòdù àtúntò méjì sí, nọ́ńbà 20 àti 20, kò gba káàdì tuntun mọ́. 40 nọ́ńbà kó o tó tan gílóòbù!

Ní oṣù Kìíní 2016, àṣìṣe kan nínú ètò Nest mú kí bátìrì rẹ̀ kú. Nígbà òtútù! Àwọn ènìyàn jí, ilé ti tutù rinrin.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bo kọ̀ǹpútà tó ń darí ooru ilé gbígbé méjì ní Lappeenranta, ní Finland. Ooru lọ. Finland o, níbi tí yìnyín ti ń bolẹ̀!

Ní 2017, ìròyìn jáde pé àwọn olè wọ kọ̀ǹpútà ilé tẹ́tẹ́ kan ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ibo ni wọ́n gbà wọlé? Ibi ẹja! Ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ẹja ṣe gbóná tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà.

Ọba wọn rèé. 30 oṣù Kẹjọ 2022, ní Colorado, oòrùn ń ràn janjan. Nǹkan bí 22,000 oníbàárà ilé iṣẹ́ iná kan lọ sídìí thermostat wọn, wọn ò lè dín ooru kù. Ilé iṣẹ́ náà ti tì í! Ta ló fọwọ́ sí i? Àwọn fúnra wọn! Wọ́n ti gba 100 dọ́là, wọ́n sì ń gba 25 dọ́là lọ́dọọdún.

Nest àkọ́kọ́ wá ńkọ́, ọba ọgbọ́n ti 2011? Ní 25 oṣù Kẹwàá 2025, Google já a kúrò lórí fóònù. O ṣì lè fi ọwọ́ yí i lára ògiri. Fóònù ò dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ra èyí tí ọwọ́ rẹ ṣì lè pa, bí fóònù bá kọ̀.

Ó dáa, kí ni ká rà ní Ẹdẹ? Má sáré ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun. Àpótí kékeré kan wà tó ń ṣe bíi rìmóòtù. Gbé e síwájú ẹ̀rọ rẹ àtijọ́, so ó mọ́ Wi-Fi, ó tán. Rìmóòtù ọwọ́ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé iná ló ń jáde lẹ́nu rìmóòtù? Ojú rẹ ò rí i. Kámẹ́rà rí i! Ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù rẹ, kọ ẹnu rìmóòtù sí i, tẹ̀ ẹ́. Wò ó bó ṣe ń ṣẹ́jú! Dán an wò lálẹ́ òní.

Bí dátà ń yọ ọ́ lẹ́nu, rántí pé Nàìjíríà ni Starlink kọ́kọ́ dé nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kìíní 2023.

Ṣùgbọ́n béèrè band rẹ kó o tó náwó. A tàbí B? Ra àpótí náà, kó o gbé e sí 24 tàbí 25. C? So ó mọ́ sólà àti ínfátà kó o tó bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́. D àti E? Ọ̀rẹ́ mi, ínfátà lo kọ́kọ́ nílò. Ní 2024 nìkan, iná gbogbo Nàìjíríà ṣubú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Kò sí áàpù tó ń tan ohun tí kò níná.

Títí dìgbà náà, fáànù tó ń gba iná sínú ò burú. Ṣé o sì mọ̀ pé fáànù kì í mú yàrá tutù rárá? Ara rẹ ló ń mú tutù. Yàrá tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, ṣe ni fáànù ń fi ooru díẹ̀ kún un! Nítorí náà, bó o bá ń jáde, pa á. Ìyẹn ò gba Wi-Fi.