Fada Thomas Moulero: Ọmọ Kétu tó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà parun

Ta ló kọ́kọ́ padà wá ṣán igbó agboolé yín lẹ́yìn ogun Dàhòmì? Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kétu, wọ́n á ní kí ẹ lọ bi bàbá àgbà. Bí bàbá àgbà ò bá sí mọ́ ńkọ́?

Ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun Ọba Glele ti Dàhòmì fọ́ Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ibẹ̀ di ahoro. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́kù tó ríbi padà sílé, tí wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó ní ọdún 1894.

Thomas Moulero jẹ́ ọmọ Kétu. Ní ọdún 1928, òun ni ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì àkọ́kọ́ tó di fada ìjọ Kátólíìkì. Láàárín àwọn ọdún 1920 yẹn kan náà ló kọ ìtàn Kétu sínú La Reconnaissance Africaine, ìwé ìròyìn tí Fada Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní ọdún 1925.

Àsìkò tó kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Nǹkan bí ogójì ọdún ló ti kọjá lórí ogun náà, àwọn tó fojú ara wọn rí i ṣì wà láyé. Kò dákẹ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1964, ó tẹ ìtàn Ṣábẹ jáde. Ní ọdún 1965, ó tún kọ nípa bí Glele ṣe ṣẹ́gun Kétu.

Àmọ́ èdè Faransé ló fi kọ wọ́n. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà Kétu lè má mọ̀ pé ìtàn ìlú òun wà nínú ìwé.

Èyí ló mú wa bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí, ẹni tó sì mọ òkodoro ọ̀rọ̀ lè má sí mọ́ lọ́jọ́ ìjà. Ẹ mú ìwé ọmọ iléèwé kan, ẹ jókòó ti àgbà ilé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ padà, ibi tó ti dé, àti àwọn tí ẹ jọ pààlà. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, ẹ fún ọmọ tó wà ní Kùtọnu ní èkejì.