Ọwọ́ Tó Ń Fọ Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà

Nílé wa, ìyá tó ti darúgbó kì í sábà dá wẹ̀. Ọmọ-ọmọ á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀, ìyàwó ilé á mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, wọ́n á fọ mama láti ọrùn dé ìbàdí. Kò sẹ́ni tó kà á sí àyẹ̀wò ara. Síbẹ̀, bí egbò bá yọ lábẹ́ ọmú tàbí tí abíyá bá wú, ẹnìkan á rí i.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀ ló ń gbé nínú ilé àgbà: ọgbà tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti dàgbà, tí kálukú ní yàrá àti balùwẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun ní gbọ̀ngàn kan, tí bọ́ọ̀sì sì ń gbé wọn lọ sọ́jà. A máa ń yára sọ pé ọmọ wọn ló pa wọ́n tì síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn; ẹlòmíì, nígbà tí ọkọ kú tí ilé sì tóbi jù, òun fúnra rẹ̀ ló tà á kí ó lè wá gbé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn ló ń ká mi lára. Tí mama bá ti tì í, òun nìkan ló kù tó ń rí ara rẹ̀, ojú sì ti ń ṣe bàìbàì, èjìká kò jẹ́ kí apá gbé sókè mọ́.

Ìgbà yẹn gan-an sì ni jẹjẹrẹ ọmú ń pọ̀ sí i. Nínú àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tí wọ́n bá a lára wọn, nǹkan bí ìdajì ló ti lé ní ẹni ọdún 62. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé e wá sí ọsibítù ni kò tíì pé 50, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi kà á sí àìsàn abiyamọ, tí àwọn ìyá wa fi ń sọ pé ọmú tó ti gbẹ kò ní nǹkan tí àrùn máa jẹ. Ó ní. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ewu náà ń bá a lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Àwọn ọmọ wa obìnrin wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú nínú ilé àgbà, ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú ọba. Tí mama kò bá lè dá wẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ òyìnbó pọ́nbélé, kó jẹ́ ọwọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì ló ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yẹn lè bá pàdé rèé: kókó nínú ọmú tàbí ní abíyá, tí kì í sábà dunni, orí ọmú tó wọnú, tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, awọ tó jìn wọnú tàbí tó rí bí èèpo ọsàn, ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Iṣẹ́ olùtọ́jú kọ́ ni láti dárúkọ àrùn. Kí ó fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tó rí fún mama, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Fún mama tí ìgbàgbé ti mú, kò sí ẹlòmíì tó máa bá a sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọmú máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Wọ́n á gbé ọmú lé pátákó pẹrẹsẹ kan, òmíràn á sọ̀ kalẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ó lè dunni, àmọ́ kì í pẹ́. Kí mama má fi páúdà tàbí ìpara sí abíyá láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ó lè hàn nínú àwòrán kó sì rú dókítà lójú. Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé 65, ń sanwó àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí ó bá ti di 75, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò mọ́ lórí bóyá ó yẹ kí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe máa lọ. Kí mama bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kókó tí a ti fọwọ́ kàn kò ní ọjọ́ orí: àyẹ̀wò ló kàn, ìbáà jẹ́ ẹni 90 ọdún.

Ní 1952, wọ́n gé ọmú obìnrin kan, Terese Lasser, ní New York nítorí jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún lórí ibùsùn ọsibítù, bí inú àwọn dókítà kan kò tilẹ̀ dùn sí i. Ní 1969, ẹgbẹ́ American Cancer Society gba iṣẹ́ náà, Reach to Recovery, sábẹ́ ara wọn. Irú ìtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà nínú gbogbo ilé àgbà. Ẹni tó ti là á já lè wá bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọsibítù dúró níwájú ògiri, kí ìka máa gun ògiri náà díẹ̀díẹ̀ títí apá á fi tún gbé sókè. Tí mama bá fọwọ́ sí i, olùtọ́jú lè mú wọn pàdé ara wọn. Kí ó sì máa ṣọ́ apá náà nígbà ìwẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ àwọn kókó kéékèèké tí a dá mọ́ ara ní abíyá, apá lè wú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kí wíwú náà tó le.